Ẹnu Ọdẹ Ló Rán Ọdẹ́bùnmi Lọ sí Ìlú Àpọ́nlé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá fi iṣu sínú iná, kó lọ yọ ọ́ báyìí, nítorí bí mo bá ti ki ẹsẹ̀ bọ ìtàn yìí, n kò ní dúró de iṣu ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́kúnlé ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo fi ọwọ́ kan pa ẹfọ̀n, tí mo sì ń fi ọwọ́ kejì lé eṣinṣin lójú ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Ọdẹ́bùnmi ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń gbé ìbọn ní Òkè-Ẹtu, ẹni tó máa ń rìn bí ẹni ń lálàá, ṣùgbọ́n tí ọta ìbọn rẹ̀ kì í lálàá.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Làmídì oníkẹ̀kẹ́ já wọ àgbàlá àwọn ọdẹ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ọ̀rẹ́ wa kan ní Odò-Àfọ̀n ló rán òun.

"Ó ní kí n sọ fún yín pé Ọ̀gá Igbó Ọba ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí ẹ má fọ́nnu níwájú rẹ̀ o! Ìlú tí wọ́n bá ti ń pẹran ní àpajù, igbó wọn ni ọkùnrin náà ń gbà."

Ògúnrónbí, bàbá Ọdẹ́bùnmi, tí í ṣe olórí ọdẹ, ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e padà. "Làmídì, ọjọ́ wo la wà yìí?"

"Ẹtì ni, bàbá."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lọ, bàbá. Táyà mi ló jò. Ilé àwọn àna mi ni mo ti ń lẹ̀ ẹ́ tí wọ́n ní kí n jẹun díẹ̀."

"Oúnjẹ díẹ̀ wo ló gba odidi ọjọ́ kan?"

"Iyán ni, bàbá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Igbó Ọba ti wá lánàá, ó sì ti lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wá, kí ẹ má sì máa wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ní Òkè-Ẹtu, bí àlejò bá bi ọdẹ léèrè ọ̀rọ̀ ọdẹ, èèwọ̀ ni kí ó fún un ní èsì kékeré. Ọdẹ tó bá ní òun rí díẹ̀ pa, ọdún kan gbáko ni obì yóò fi máa fo orí rẹ̀ kọjá nínú ẹgbẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin náà ṣí ìwé gbàǹgbà kan, tó ní kí ògbufọ̀ òun bi wá ní ìbéèrè márùn-ún, inú wa dùn bí ẹni pé oríkì wa ló fẹ́ kọ. Báwo lẹ ṣe ń pẹran? Ògúnrónbí ní, "Wéré báyìí!" Níbo? "Ibi gbogbo!" Nígbà wo? "Lánàá, lónìí, lọ́la!" Báwo ló ṣe ń pọ̀ tó? "Ó ń pọ̀ kọjá sísọ!" Ìgbà tó wá kan iye ìgbà tí a ń pa á, èmi yìí dìde, mo lu àyà mi gbì, mo ní, "Nígbà gbogbo! Bí mo bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo sinmi, àwọn ẹran á ránṣẹ́ wá wò ó bóyá ara mi ni kò yá." Ọkùnrin náà mi orí, ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gàdàgbà sínú ìwé: Ọ́líwéèsì, èyíinì ni nígbà gbogbo. Ó ní òun ń padà bọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún láti wá lu ìwé náà lóǹtẹ̀. A sì pàtẹ́wọ́ fún un!

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òtítọ́ ibẹ̀, tí n kò ní sọ lẹ́ẹ̀kejì, ni pé ní gbogbo oṣù náà, ọ̀yà kan ṣoṣo ni odidi ẹgbẹ́ wa rí pa, ọ̀yà náà sì ti yarọ kí ó tó kú. Ọdẹ́bùnmi ló pa á. Bí wọ́n bá wá gba igbó lọ́wọ́ wa, níbo la ó ti rí oyin àti olú? Ta ni yóò máa ro ojú-oórì àwọn bàbá wa tó wà níbẹ̀?

Ọdẹ́bùnmi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ bá ògbufọ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí, ẹni tí ẹmu Òkè-Ẹtu kò jẹ́ kó bá ọ̀gá rẹ̀ lọ, tó ṣì dùbúlẹ̀ tó fi aṣọ tútù di orí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a kò lè fi ọ̀bẹ ha ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé?"

"Ọ̀bẹ kẹ̀?" Ṣóyẹmí ṣí ojú kan. "Ọ̀rọ̀ ìwé ọ̀gá mi kò mọ ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ nìkan ló lè lé ọ̀rọ̀ dìde lórí àga. Irú àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ lò lánàá yẹn, àpọ́nlé là ń pè wọ́n. Àwọn ló ń sin ọ̀rọ̀-ìṣe káàkiri, tí wọ́n ń ròyìn bí a ṣe ṣe nǹkan, ibi tí a ti ṣe é, ìgbà tí a ṣe é, iye ìgbà, àti bó ti tó. Ìlú àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn Igbó Elégbèje Ahọ́n. Lọ mú èyí tó jẹ́ òótọ́ wá, kó wá jókòó síbi tí irọ́ jókòó sí. Jọ̀wọ́, fi ilẹ̀kùn dé mi."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọdẹ́bùnmi gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di àádùn sínú àpò ọdẹ, ó lọ.

Bó ṣe rìn títí kò kàn yín. Igbó ni igbó ń jẹ́. Kí ẹ sáà mọ̀ pé ní Igbó Elégbèje Ahọ́n, ewé kì í dákẹ́: bí ewé kan bá sọ̀rọ̀, èkejì á bù mọ́ ọn. Ọdẹ́bùnmi rí ẹtu kan níbẹ̀, ó gbé ìbọn sójú. Bó ti fẹ́ yìn ín, ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ tínínrín kan sáré já sí àárín ìbọn àti ẹtu.

"Kúíkìlì ni mí!" ni ọkùnrin náà kígbe. "Kíákíá ni kí o yìn ín!"

Ẹtu ti fò lọ. Ọkùnrin kejì ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tó ti ń báni wí. Sílólì lórúkọ tirẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́.

"Kúíkìlì... ẹ̀ẹ̀melòó ni bàbá wa... kìlọ̀ fún ọ? A kì í dúró sáàárín ẹni tó ń ṣe nǹkan... àti ohun tó ń ṣe. Kó di nǹkan rẹ̀ mú ná. Ẹ̀yìn ni kí ìwọ máa tọ̀."

"Nílé wa náà," ni Ọdẹ́bùnmi wí, "ẹni tó bá dúró sáàárín ọdẹ àti ẹran, òun náà ti dẹran nìyẹn."

Ẹ̀rù ba Kúíkìlì, ó tọrọ àforíjì kíákíá. Ó ní ìdílé Báwo ni àwọn, àwọn ló ń sọ bí ènìyàn ṣe ṣe ohun tó ṣe. "O kò rí i pé 'lì' ló kẹ́yìn orúkọ wa? Ilà ìdílé wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ ọ́. Àbúrò wa kan tó ń jẹ́ Fáàsì, ẹni eré, wà lára àwọn tí kò kọ ilà."

"Kí ló dé tí kò kọ ọ́?"

"Ọjọ́ tí olóólà dé ló sá. Kò sẹ́ni tó lè lé e bá."

Ọdẹ́bùnmi ní kí wọ́n júwe ọ̀nà fún òun. Kúíkìlì sọ tirẹ̀ tán kí ó tó gbọ́ ju "lẹ́yìn náà" lọ. Sílólì sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó ní kó yà sí ọwọ́ ọ̀... Ọdẹ́bùnmi jẹ ìdajì àádùn rẹ̀ tán kí ó tó mọ̀ pé ọ̀tún ni.

Ó yà sọ́tùn-ún, ó dé oríta kan létí odò. Ọkùnrin ọlọ́ràá kan jókòó síbẹ̀, Híà lórúkọ rẹ̀, ìyẹn ibí, ará ìdílé Níbo.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ọ̀nà ìlú Àpọ́nlé dà?"

"Èmi kò mọ̀ ju ibí lọ. Dẹ́à, ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ọ̀hún, ló mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n wà lọ́hùn-ún."

Lóòótọ́, ọkùnrin gíga kan dúró ní òdìkejì odò. Ọdẹ́bùnmi wọ́dò kọjá. Bó ti gun òkè odò, Híà ló bá tó jókòó síbẹ̀, Dẹ́à sì ti wà lórí òkè kan lọ́nà jíjìn. Ó gun òkè náà, Híà ló bá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń lé ọ̀hún, bó bá sì ti dé ọ̀hún, ọ̀hún á ti di ibí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ní ilé ẹlòmíràn dára ju tiyín lọ? Ní ọjọ́ kẹrin, Ọdẹ́bùnmi jókòó ti Híà, ó fún un ní àádùn, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kèékèé. Dẹ́à kò lè fara dà á. Ó ń rọra sún bọ̀ láti wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, bàbá!" ni Ọdẹ́bùnmi ké. "Ẹ má dé ọ̀dọ̀ mi. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti nawọ́ sí ọ̀nà hàn mí."

Dẹ́à nawọ́. Kò sẹ́ni tó bi í báyìí rí.

Ní ẹnubodè ìlú, ebi ń pa Ọdẹ́bùnmi, ó sì rí búkà kan tó jẹ́ ti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta láti ìdílé Nígbà-wo: Yẹ́sítàdè, ìyẹn àná; Túdè, ìyẹn òní; àti Tùmọ́rò, ìyẹn ọ̀la. Yẹ́sítàdè jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì, Tùmọ́rò jókòó sí ìparí rẹ̀, àárín ṣófo.

"Ẹ kú ọjà o. Ọbẹ̀ ẹja wà?"

"Háà, ìyàwó!" ni Yẹ́sítàdè dáhùn. "Ìbá ṣe pé àná lo wá ni! Ẹja náà tóbi bí apá mi."

"Má dá a lóhùn," ni Tùmọ́rò wí. "Ti ọ̀la ni kí o dúró dè. Èyí tí mo fẹ́ sè yẹn!"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kò lè sún mọ́ra kí n jókòó?"

"Àwa kì í jókòó sáàárín. Ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí, ibi tó bá wù wá nínú méjèèjì nìyẹn."

Túdè ló yọ jáde láti ilé ìdáná, ó gbé ẹ̀kọ tútù kan fún un. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó wà.

Ìgbà tó wọ ààfin, Ọba Ọ̀rọ̀-Ìṣe ń jáde bọ̀. Ará ìdílé Ìgbà-mélòó ló ń ṣáájú rẹ̀. Ọba kejì tún wà nílùú náà, Bíì lórúkọ rẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ kankan, ó kàn máa ń wà ṣáá ni. Nítorí náà, àwọn Ìgbà-mélòó kì í ṣáájú òun ní tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, kí ó má baà jókòó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ọba Ọ̀rọ̀-Ìṣe ni ẹrù rẹ̀, lẹ́yìn ẹrù ni ìdílé Báwo, kí Níbo tó tẹ̀lé e, kí Nígbà-wo tó kẹ́yìn.

Ọba jókòó, ìdílé Ìgbà-mélòó sì tò sórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Ní òkè pátápátá ni ọkùnrin kan dúró tó sanra, tí eyín rẹ̀ pé.

"Ọmọ Òkè-Ẹtu!" ni ọkùnrin náà kí i. "Èmi ni Ọ́líwéèsì. Mo mọ ìlú yín. Àwọn ọdẹ yín ló pè mí, apá kan mi ti wà nínú ìwé wọn. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, pàápàá Ọdẹ́kúnlé."

Ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni bàbá arúgbó kan wà tí kò ní eyín kan. Ó fa Ọdẹ́bùnmi létí aṣọ. "Nẹ́fà ni èmi, èmi Láéláé-kò-ṣẹlẹ̀-rí. Mú mi, ọmọ mi. N ó sọ fún wọn pé ọdẹ kan kò pa ẹran rí nílùú yín."

"Bàbá, irọ́ náà nìyẹn. Mo pa ọ̀yà kan lóṣù tó kọjá."

"Ọ̀yà kan kò tó nǹkan."

"Kò tó nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kú."

Àtẹ̀gùn kan ló wà lókè Nẹ́fà, ìyá kan sì jókòó síbẹ̀ tó ń hun agbọ̀n. Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi kí i, ìyá náà wẹ̀yìn wò, ó rò pé ẹlòmíràn ló ń kí.

"Èmi ni? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ti pè mí. Sẹ́dọ̀mù ni mí, èmi Ó-ṣọ̀wọ́n. Àwọn olófòófó kì í lò mí, àwọn ọdẹ kì í tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ mi."

"Ìyá, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá."

Ọba ní kò burú, ṣùgbọ́n àlejò kan kò gbọdọ̀ mú ju ọ̀rọ̀ kan jáde lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní àkókò yìí, Ọdẹ́bùnmi ti rí Fẹ́rì.

Ẹ̀yin ọmọge, ẹ di ọkàn yín mú. Fẹ́rì, ìyẹn gan-an, wá láti ìdílé Bó-ti-tó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dúró ṣáájú ọ̀rọ̀ mìíràn kí ó sì sọ ọ́ di ńlá. Ó dúró ṣáájú Sílólì lẹ́ẹ̀kan, Sílólì kò sì dé ilé títí di òní. Bí kò bá rí ẹni dúró tì, á súnkì di kékeré bí ẹ̀kùrọ́. Ṣùgbọ́n bó bá dúró ti ènìyàn! Ó dúró ti Ọdẹ́bùnmi, ó ní ó dára, ó dára gan-an, ìbọn ọwọ́ rẹ̀ sì gùn sí i, òjìji rẹ̀ gùn dé òdìkejì àgbàlá. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí ní Òkè-Ẹtu. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un níbẹ̀ ni pé kó lọ fọ àwo. Ọjọ́ márùn-ún ni òun àti Fẹ́rì fi ń rìn káàkiri ọgbà ààfin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, Ọdẹ́bùnmi sì ń gbàgbé ọjọ́ tó kù.

Ìyá Sẹ́dọ̀mù ló rán an létí. "Ọmọ mi, n kì í sábà gbani nímọ̀ràn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

Ọdẹ́bùnmi dágbére fún Fẹ́rì, kò wo ẹ̀yìn, ó sì gba ọ̀nà ilé pẹ̀lú ìyá náà.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Ọ̀gá Igbó Ọba jókòó láàrin àgbàlá wa, ó ṣí ìwé, ó gbé òǹtẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ́líwéèsì wà lórí ìwé náà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ọdẹ́bùnmi mú Sẹ́dọ̀mù wọlé.

"Ó kù kí ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́," ni Ṣóyẹmí wí. "Láìṣe bẹ́ẹ̀, ti àkọ́kọ́ kò ní dìde."

Gbogbo ènìyàn wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin ará, mo ti bá ẹkùn wojú, mo ti bá erè pín ibùsùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí ẹ̀rù ń jẹ́. Ògúnrónbí rọ̀ mí, ó ní, "Àbúrò mi, ṣe bí akọni." Mo dìde. Mo ní, "A... a máa ń lọ sóko ọdẹ o. Ṣùgbọ́n ká pa á... ó ṣọ̀wọ́n."

Ìyàwó mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ ṣeun. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Ọ́líwéèsì hó kúrò lójú ìwé, ó dìde, ó lọ. Ìyá Sẹ́dọ̀mù gun orí ìwé, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jókòó. Ọ̀gá Igbó Ọba ka ọ̀rọ̀ tuntun náà, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní ìlú tó ń pẹran níwọ̀n báyìí, òun yóò fi igbó wọn sílẹ̀ fún wọn. Ó na ọwọ́ sí òǹtẹ̀.

Ìgbà náà ni nǹkan kan fò jáde láti inú àpò ọdẹ Ọdẹ́bùnmi, ó kéré bí ẹ̀kùrọ́, ó yí gbirigbiri gba orí ìwé, ó bá ìyá Sẹ́dọ̀mù, ó dúró ṣáájú rẹ̀, ó sì di ọkùnrin gíga arẹwà. Fẹ́rì ni! Ó ti fara pa mọ́ sínú àpò láti ààfin.

Kí n má purọ́, inú wa dùn. Bó ti dé ni ìbọn olúkúlùkù wa gùn sí i, irùngbọ̀n mi dé àyà. Ògúnrónbí kígbe pé, "Àna mi rèé! Irú ọkọ tí mo ń wá fún ọmọ mi rèé! Ẹ gbé àga fún un!" Ọdẹ́bùnmi pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ tó ti dé.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Igbó Ọba ti tún ìwé kà, ojú rẹ̀ sì ti le padà. Ó bá Ṣóyẹmí sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá ní," ni Ṣóyẹmí wí, "ọ̀rọ̀ náà ti di pé ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀púpọ̀ kí ẹ tó pẹran. Wọ́n ní bó bá ṣọ̀wọ́n tó yẹn, kí lẹ wá ń fi igbó ṣe? Wọ́n ní àwọn yóò gbà á."

Ọ̀gá gbé òǹtẹ̀ sókè. Ògúnrónbí di orí mú. A bẹ Fẹ́rì kó sọ̀kalẹ̀, a fà á lẹ́sẹ̀, bí a ti ń fà á ló ń ga sí i. Ó ní kò sí ẹni tó lè lé òun àfi Ọdẹ́bùnmi, ó sì kọjú sí i.

"Ọdẹ́bùnmi, n kò lè dá dúró, ìwọ náà mọ̀. Ìyá yìí ni mo dúró tì kí n lè ga tó ọ̀dọ̀ rẹ. Fẹ́ mi, kí n máa dúró tì ọ́. N ó mú kí o máa dára sí i lójoojúmọ́. Bí o bá lé mi, ẹ̀kùrọ́ ni n ó padà dà."

Òǹtẹ̀ wà lókè. Ọdẹ́bùnmi sún mọ́ ìwé náà. Ó wo òjìji ara rẹ̀ tó gùn gbọọrọ nílẹ̀, ó wo ojú Fẹ́rì fún ìgbà díẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ olú igbó wa títí di òní, ẹ ti mọ ohun tó wí kí n tó sọ ọ́.

"Fẹ́rì," ni Ọdẹ́bùnmi wí, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Igbó bàbá mi ni mo mú. Sọ̀kalẹ̀ lórí ìwé yẹn, kí o máa lọ sílé."